Ojú àgbà: bí ìwádìí ṣe ka àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kà tẹ́lẹ̀

Télọ̀ ni ìyá mi. Nígbà tó lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbólóhùn kan láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́: "Ẹ wá bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ o." Ọmọ iṣẹ́ tó bá wà nítòsí á dìde, á fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́nu, á tì í bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì padà síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ìyá mi á na abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, á fún ojú pọ̀, á ti òwú síhìn-ín, á tì í sọ́hùn-ún, títí sùúrù á fi tán. Nígbà tó yá, kò gba aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn mọ́. Ó ní òun ti ń dàgbà. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn nínú wa, torí ohun tí gbogbo wa gbà ni pé bí ojú àgbà ṣe ń rí nìyẹn.

Ohun tó ń ṣe é ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn: presbyopia. Ojú àgbà náà ni. Nínú ẹyinjú olúkúlùkù wa, awò kan wà tó mọ́ gaara bí omi, tó sì rọ̀. Tí a bá fẹ́ wo nǹkan tó súnmọ́ wa, iṣan kékeré tó yí i ká á jẹ́ kí awò yìí ki sí i láàárín, ohun tí à ń wò á sì hàn kedere. Láti kékeré ni awò náà ti ń le díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń di bí ogójì ọdún kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára: Bíbélì tàbí Kùránì ti ń jìnnà sí ojú, ọwọ́ tó mú fóònù ti ń nà síwájú. Tó bá fi máa di ọgọ́ta ọdún, awò inú ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ki mọ́ rárá. Kì í ṣe àìsàn. Kì í ṣe ìwé àkàjù, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí karọ́ọ̀tì tàbí àgbo tó lè dá a padà. Gbogbo ẹni tó bá pẹ́ láyé ló ń kàn. Awò ojú, ìyẹn jígí tí à ń gbé sójú, ló ń tún un ṣe, èyí tó sì rọrùn jù láti ṣe nínú gbogbo awò ojú ni: nọ́ńbà +1, +1.50, +2, títí dé nǹkan bíi +3.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé lórí ohun tó rọrùn tó báyìí ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú gbogbo ìṣirò tí ayé ń ṣe nípa àwọn tí kò ríran dáadáa, kò sẹ́ni tó ka irú ìyá mi mọ́ wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò tẹ́lẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n fi awò tó yẹ ojú ẹni náà sí i lójú ná, kí wọ́n tó wọn bó ṣe ń ríran sí. Tó bá ti fi awò yẹn ríran, ojú rẹ̀ dára nìyẹn nínú ìwé wọn. Wọn kì í béèrè bóyá ó ní irú awò bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí bóyá ẹnì kan ń tà á ní ìlú rẹ̀. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ mọ iye ẹni tí ebi ń pa lábúlé, tó wá kọ́kọ́ fún gbogbo wọn lóúnjẹ kó tó béèrè. Nígbà tí wọ́n yí ìlànà náà padà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìríran ènìyàn bó ṣe wá sílé àyẹ̀wò gan-an, iye kan jáde tó bá àwọn onímọ̀ lójijì: ní ọdún 2004, mílíọ̀nù 153 ènìyàn ni ojú wọn kò ríran tó kìkì nítorí pé wọn kò ní awò ojú. Mílíọ̀nù 8 nínú wọn ló sì wà lára àwọn tí a ń pè ní afọ́jú. Awò ojú lásán ni wọ́n nílò.

Síbẹ̀, ìríran ọ̀ọ́kán nìkan ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Ẹni tó ń rí mọ́tò tó ń bọ̀ láti òpin títì, tí kò sì rí ojú abẹ́rẹ́, kò sí nínú mílíọ̀nù 153 yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni tó mú ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ní òkúnkúndùn ni Brien Holden, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ optometry, iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ìríran, ní yunifásítì New South Wales ní ìlú Sydney, Ọsirélíà. Kì í ṣe ojú àgbà ló fi di olókìkí. Awò tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú gan-an, tí wọ́n ń pè ní contact lens, ló lo ọ̀pọ̀ ọdún lé lórí. Awọ tó mọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mí sí. Tí awò bá bò ó mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, á wú. Ní ọdún 1984, Holden àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Mertz, wọn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí awò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá kí ojú má baà wú lọ́sàn-án àti lóru. Ìwọ̀n náà wà lára ohun tí àwọn tó ṣe awò silicone hydrogel tẹ̀ lé, awò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò káàkiri ayé lónìí. Owó tó wọlé láti inú awò yìí wà lára ohun tí Holden àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ìwádìí lórí ojú àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí: owó awò tí olówó fi ń ṣe ẹwà ni wọ́n fi lọ wá ẹni tí awò lásán ò kàn.

Ní ọdún 2008, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò wọn jáde. Bílíọ̀nù 1.04 ènìyàn ló ní ojú àgbà ní ọdún 2005. Mílíọ̀nù 517 nínú wọn ni kò ní awò, tàbí tí awò tí wọ́n ní kò tó. Mílíọ̀nù 410 ni kò lè ṣe iṣẹ́ àfojúsúnmọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ló sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí nǹkan ò tíì rọ̀ṣọ̀mù. Ẹ fi èyí wé mílíọ̀nù 153 tí mo kọ́kọ́ sọ. Ohun tí wọ́n fojú fò nínú ìṣirò tẹ́lẹ̀ ju ohun tí wọ́n kà lọ fíìfíì.

Àwọn kan máa ń sọ pé tí ènìyàn kò bá mọ̀wé, kí ló fẹ́ fi awò ìkàwé ṣe? Orúkọ yẹn gan-an ló ṣì wá lọ́nà, "awò ìkàwé". Ní ìgbèríko Tànsáníà, àwọn olùwádìí lọ bá àwọn tó lé ní ogójì ọdún, wọ́n sì rí i pé ojú àgbà wà lára bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nínú ẹni ọgọ́rùn-ún tó sì ní in, mẹ́fà péré ló ní awò. Ohun tí àwọn ará abúlé yìí ń fi ojú ṣe kò yàtọ̀ sí tiwa: ṣíṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, rírán aṣọ tó ya, títan àtùpà, gígé èékánná. Ẹni tí kò rí òkúta inú ẹ̀wà á fi eyín rí i. Ẹni tí kò rí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn lè fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Nínú àwọn tó bá Holden ṣiṣẹ́ yìí, Kovin Naidoo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ará Gúúsù Áfíríkà ni, láti agbègbè Durban. Ó wà lára àwọn tó bá ìjọba apartheid jà nígbà èwe rẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n optometry ní yunifásítì KwaZulu-Natal. Ohun tí òun ń tẹnu mọ́ ni pé awò nìkan ò tó. Áfíríkà nílò ẹni tó mọ bí a ti ń wọn ojú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ fi dúró ti ìdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ optometry ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ti sí rárá, bíi Mòsáńbíìkì, níbi tí yunifásítì Lúrio ní Nampula ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Tiwa ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Yunifásítì Benin, UNIBEN, ló kọ́kọ́ ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ń kọ́ ọ. Èdè wa pa gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "dókítà ojú", ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Optometrist ló ń wọn ìríran, tó ń sọ nọ́ńbà awò tó yẹ, tó sì ń wo ẹ̀yìn ojú bóyá àrùn wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ ṣiṣẹ́ ojú jẹ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gé awò sínú férémù.

Ọdún 2015 ni Holden kú. Ìṣirò ńlá tó ṣe kẹ́yìn jáde ní 2016 lẹ́yìn ikú rẹ̀, òdìkejì ojú àgbà ló sì dá lé: àwọn tí wọn kò rí ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ìdajì ọmọ aráyé, nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.8, ni yóò ní irú ojú bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá di 2050. Ìwé àti ẹ̀rọ tí a ń fojú súnmọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni àìjáde síta. Wọ́n fi àwọn ọmọ tí ìran wọn jẹ́ Ṣáínà ní Sydney wé irú wọn ní Singapore. Àwọn ti Sydney ń lo wákàtí 13.75 níta lọ́sẹ̀, ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò rí ọ̀ọ́kán. Àwọn ti Singapore ń lo wákàtí 3.05, tiwọn sì jẹ́ ìdá 29.1. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ti ọmọ mọ́lé láti ilé ìwé dé lẹ́sìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ rí oòrùn. Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà.

Nígbà tí àwọn akẹgbẹ́ Holden tún ìṣirò ojú àgbà ṣe ní 2018, iye àwọn tí kò ní awò ti di mílíọ̀nù 826. WHO gba iye yìí wọ inú ìròyìn ńlá wọn lórí ìríran ní 2019. Ìlà kan nínú ìròyìn náà ni mi ò tíì gbàgbé: ní Ìwọ̀-oòrùn, Ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò rí nǹkan itòsí dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú. Ní Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, kò tó ìdá 10.

Iye ènìyàn nìkan kì í mú kí ìjọba dìde. Owó ló ń mú wọn dìde. Ìwádìí tó kàn ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di owó. Ní Assam, ní Íńdíà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń já ewé tíì, àwọn olùwádìí tí yunifásítì Queen's ní Belfast wà nínú wọn kó òṣìṣẹ́ 751 jọ, gbogbo wọn lé ní ogójì ọdún, ojú àgbà sì ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n fún àwọn kan ní awò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn yòókù dúró títí ìwádìí á fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wọn kílò ewé tí olúkúlùkù já lójúmọ́. Ewé tí àwọn tó ní awò já fi ìdá 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Láàárín àwọn tó lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàtọ̀ náà kọjá ìdá 30. Kò sí ẹ̀rọ tuntun, kò sí ajílẹ̀ tuntun. Ọwọ́ kan náà ni, oko kan náà ni, ojú ló yàtọ̀. Ọdún 2018 ni èyí jáde.

Ní 2024, irú rẹ̀ tún jáde láti Bangladesh. Ènìyàn 824 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 35 sí 65 ni wọ́n lò níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, owó tó ń wọlé fún àwọn tó gba awò ti fi ìdá 33.4 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò tíì gbà lọ: dọ́là 47.1 lóṣù fún àwọn kan, dọ́là 35.3 fún àwọn kejì. Mo mọ̀ pé oko tíì kì í ṣe ìsọ̀ télọ̀, Bangladesh kì í sì í ṣe Ìbàdàn, n kò ní sọ pé iye kan náà ni yóò bọ́ sí ọwọ́ télọ̀ wa. Ṣùgbọ́n mo rántí aṣọ ọlọ́wọ̀n tí ìyá mi dá padà fún oníbàárà, mo sì mọ iye tí wọn ì bá san lórí rẹ̀.

Nàìjíríà náà ti kà tirẹ̀. Láàárín 2005 sí 2007, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ojú fún àwọn tó lé ní ogójì ọdún káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ènìyàn tí wọ́n wò. Ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló fọ́jú. Cataract, àrùn tí ń fi funfun bo ọmọlójú, ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìfọ́jú náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ojú wọn ò fọ́ tí ìríran wọn kàn dín kù níwọ̀nba, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé àìní awò ojú ló fà á.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fẹ́ fi pín awò ojú mílíọ̀nù márùn-ún. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà: Jígí Bọ́lá, ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá wà ní Èkó nígbà tí Bọ́lá Tinubu jẹ́ gómìnà á rántí ti àkọ́kọ́, tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ojú tí wọ́n sì ń fún àwọn àgbà ní jígí lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan tó dára ni. Ibi tí mo fẹ́ kí a fojú sí ni bí wọn yóò ṣe kà á. Ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WHO fẹnu kò pé kí ìtọ́jú àwọn tó nílò awò fi ìdá 40 lórí ọgọ́rùn-ún gòkè kó tó di 2030. Ohun tí wọ́n ní kí a máa kà kì í ṣe iye awò tí a pín. Iye ènìyàn tó nílò awò, tó ní in, tó sì ń fi í ríran dáadáa ni. Ní 2024, nígbà tí WHO bẹ̀rẹ̀ ètò awò ojú wọn tí wọ́n pè ní SPECS 2030, wọ́n ní nínú àwọn tí àìní awò ń dí ìríran ọ̀ọ́kán wọn lọ́wọ́ káàkiri ayé, ìdá 36 péré ló ní awò tó yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìjọba lè pín mílíọ̀nù márùn-ún tán, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì wà nínú dúrọ́ọ̀, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ ò bá ojú mu, tàbí torí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún màmá pé iṣẹ́ itòsí nìkan ni awò yìí wà fún. Tó bá gbé ojú sókè tó fi í wo títì, á dà bí kùrukùru. Á ní awò náà ń ba ojú òun jẹ́, á bọ́ ọ sílẹ̀, á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Awò kì í ba ojú jẹ́. Àwa la ń bà á jẹ́, tí a bá ń da omi ṣúgà, ìtọ̀ tàbí oje ewé sínú ojú tó ń dùn wá.

Ohun kan wà tí awò tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì, tí ènìyàn kàn ń gbé wò títí tó fi rí èyí tó bá a mu, kò lè ṣe. Kò lè wo ẹ̀yìn ojú. Mi ò bá ẹni tó ń rà á jà. Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tó sì jẹ́ itòsí nìkan ni kò rí, awò bẹ́ẹ̀ lè tó o. Ẹ̀rù glaucoma ló ń bà mí. Àrùn yìí ń pa iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ. Kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀, àárín ló máa ń kàn kẹ́yìn, ènìyàn á ṣì máa rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kedere nígbà tí púpọ̀ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ. Ohun tó bá ti lọ kò ní padà mọ́. Nínú àyẹ̀wò Nàìjíríà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lé ní ogójì ọdún ló ní in, kò sì tó ẹni mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa ènìyàn dúdú ló ń bá jù, ó sì ń tẹ̀ lé ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, tí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ yín sì ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni NHS ń ṣe àyẹ̀wò ojú fún yín.

Abẹ́rẹ́ ló gbé ìyá mi dé ọ̀dọ̀ optometrist. Ọdún mẹ́ta la fi bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kéré sí mi lọ́jọ́ orí, "mà" ni ó ń pè é ní gbogbo gbólóhùn. Ó gbé awò kan lé e lójú, ó yọ ọ́, ó gbé òmíràn, ó ní, "Mà, èwo ló dáa jù, ti ìṣáájú àbí èyí?" Títí tó fi kan +2.50, ìyá mi sì ka ìlà tó kéré jù nínú káàdì náà jáde láìdúró. Mo rò pé a ti parí. Ọmọbìnrin náà wá ní òun fẹ́ wọn agbára omi inú ojú, kí òun sì wo ẹ̀yìn ojú. Ó pẹ́ lórí ojú òsì. Ó padà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó jókòó, kò bá wa sọ̀rọ̀ awò mọ́.

Ojú ọ̀tún kò tíì ní nǹkan kan. Ti òsì ti pàdánù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí imú. Láti ìgbà náà, ìyá mi ń kán oògùn sójú méjèèjì lálaalẹ́, aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ìròyìn. Ó so awò rẹ̀ mọ́ okùn tó fi aṣọ àǹkárá hun, ó sì ti padà sí iṣẹ́ ọrùn aṣọ. Mẹ́rin ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó kù láyé. Méjì ti lọ yẹ ojú wò, ọ̀kan nínú wọn ti ń kán oògùn báyìí. A ṣì ń bẹ àwọn méjì yòókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tí ń wa mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní òun ń rí títì dáadáa.